Bí Ẹ Bá Rí Òkú Àwòdì Lórí Òkè Ọdẹ Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń rìn lórí òkè tó wà lẹ́yìn Sheffield nígbà tá a rí àwòdì kan tó na gbalaja sínú heather, igbó kúkúrú tó bo òkè náà. Àwọ̀ ilẹ̀ ni ara rẹ̀, ìdí ìrù rẹ̀ sì funfun báláú: abo hen harrier ni. Èékánná rẹ̀ di pinpin bí ọwọ́ ẹni tó mú owó dání. Ìdajì ehoro kan wà nílẹ̀ nítòsí. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀ pé kóun gbé e, mo pariwo: "Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbọ́n mi!"

Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ fa ọmọdé àti ajá mọ́ra. Oògùn apakòkòrò carbofuran, tí wọ́n fòfin dè níbí láti 2001, wà lára ohun tí àwọn kan ṣì ń fi sínú ẹran bí ehoro yẹn láti pa ẹyẹ, ó sì lè gba awọ ara wọlé.

Kí ló dé tí wọ́n ń pa á? Grouse ni, ẹyẹ kan tó jọ àparò wa. Láti ọjọ́ 12 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì títí di ọjọ́ 10 oṣù Dìsẹ́ńbà, àwọn olówó ń san owó ńlá láti yìnbọn fún un. Àwòdì yìí sì ń jẹ ọmọ grouse. Òfin 1981 dáàbò bò ó, síbẹ̀ àwọn kan ń pa á. Àwọn tó ni ilẹ̀ ń sọ pé bí àwọn ṣe ń pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti kannakánná ń jẹ́ kí curlew, ẹyẹ kan tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀, rí ibi yé ẹyin. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo ti gbọ́ ohùn curlew níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ májèlé di ẹ̀tọ́. Ní Skọ́tíláǹdì, òfin 2024 ní kí wọ́n gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó yìnbọn fún grouse, ìjọba sì lè gba ìwé náà padà lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ irú rẹ̀ ní Ẹ́ńgíláǹdì.

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò láti òkèèrè, kí ògiri òkúta tàbí igi tó wà nítòsí hàn. Lẹ́yìn náà kí ẹ súnmọ́ ọn, ẹ fi bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìkàn án, kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ ya ehoro náà, ẹ ya ojú ẹsẹ̀ táyà ọkọ̀ tí ẹ bá rí nílẹ̀. Ẹ ṣàmì sí ibi tí ẹ dúró sí lórí máàpù fóònù. GPS ń ṣiṣẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tilẹ̀ sí.

Ẹ pe 101, nọ́ńbà ọlọ́pàá, ẹ ní wildlife crime officer, ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀ràn ẹranko ìgbẹ́, lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ká ẹnì kan mọ́ ọn lọ́wọ́, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni, kí ẹ sì jìnnà sí i. Ẹ sọ fún RSPB náà, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ. Ẹ má gbé e sórí Facebook o, ẹni tó ṣe é lè sáré lọ gbé òkú náà kúrò.

Bí ẹ bá rí tàkúté, ẹ má bà á jẹ́. Òfin gba àwọn kan láyè, irú èyí tí wọ́n fi pamọ́ sínú ihò fún stoat, ẹranko kékeré kan tó ń pa ẹyẹ jẹ. Àmọ́ èyí tí wọ́n gbé sórí òpó ti di èèwọ̀ láti 1904. Ẹ yà á, ẹ pè wọ́n.

Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ tún pè.