Bí Mo Ṣe Ń Fi Ọkà Kíkan Bọ́ Adìẹ àti Pẹ́pẹ́yẹ Mi

Ẹni tó bá ti rẹ àgbàdo ògì rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Àgbàdo tí a rẹ tó kan, tí a ń gbé lọ sí ẹ̀rọ kí á tó sẹ́ ẹ, òun náà ni mo ń fún àwọn adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn. Tiwọn kì í dé ẹ̀rọ ni. Noiler, irú adìẹ tí a ń sìn fún ẹran àti ẹyin, ló pọ̀ jù nínú àwọn adìẹ náà, àwọn ìbílẹ̀ díẹ̀ wà láàárín wọn. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi jẹ́ irú èyí tí ojú wọn ń pọ́n, tí ara wọn wúwo, tí kì í pariwo.

Owó oúnjẹ alápò ló kọ́kọ́ gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo rí nínú ìgbẹ́ wọn ló jẹ́ kí n dúró síbẹ̀. Nígbà tí mò ń da àgbàdo gbígbẹ fún wọn, èérún àgbàdo máa ń hàn nínú ìgbẹ́ wọn, àwọn kan á sì máa yàgbẹ́ olómi tó ń rùn gan-an. Láti ìgbà tí ọkà kíkan ti wọ̀ wọ́n lára, ìgbẹ́ wọn kì í ṣe olómi mọ́, òórùn ilé adìẹ sì rọlẹ̀ débi pé aládùúgbò wa tó máa ń ti fèrèsé rẹ̀ ti ń ṣí i sílẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tó ń mú eegun le, pọ̀ nínú ọkà gbígbẹ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló so mọ́ ohun kan tó ń jẹ́ phytate, ikùn adìẹ kò sì lágbára tó láti tú u. Tí a bá rẹ ọkà títí tó fi kan, ìdè náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ọkà bàbà pupa tún ní tannin, ohun tó ń jẹ́ kó pani lẹ́nu, òun náà máa ń dín kù nínú omi. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ògì kan, Lactobacillus àti àwọn ẹbí rẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, omi kíkan tí wọ́n ń pèsè kì í sì í bá àwọn kòkòrò burúkú bíi Salmonella lára mu.

Ibi tí mo ti ń lo àkókò jù ni ọjà, kí n tó ra ọkà rárá. Ní Bódìjà, mo máa ń ki ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìsàlẹ̀, torí orí àpò kì í sọ òtítọ́. Mo máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì máa ń fi eyín fọ́ hóró kan: èyí tó gbẹ dáadáa á dún, èyí tí kò gbẹ á tẹ̀. Tí mo bá rí hóró tó bu, tó ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú nídìí, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ ní òun á gbé e fún mi ní ọ̀fẹ́, mi ò ní gbà á. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbà pé ọkà tó ti bu díẹ̀ kò burú fún adìẹ, pé tí a bá ti rẹ ẹ́ tó kan, oró inú rẹ̀ ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oró tó wà nínú ọkà bíbu ni aflatoxin, a ò sì lè gbọ́kàn lé kíkan láti pa á. Lọ́dún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 ló kú nítorí oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà bíbu láti Brazil pò. Àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ náà kú lọ́dún yẹn, látibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sì ti wá aflatoxin rí. Nínú gbogbo ẹyẹ tí à ń sìn, pẹ́pẹ́yẹ wà lára àwọn tí oró yìí tètè ń pa jù. Nílùú wa níbí gan-an, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe, ọkà bàbà yíyan tí wọ́n fi irú ebu tí kò ní oró bò, tí àgbẹ̀ máa ń fọ́n sínú oko kí ebu olóró má bàa ráyè. Tí mo bá rí ẹni tó lò ó lóko rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń ra àgbàdo.

Ike onídèérí ni mo ń lò. Mi ò lo garawa páànù, torí omi kíkan máa ń jẹ irin, ohun tó bá jẹ lára irin náà á wọ inú oúnjẹ. Mo máa ń fọ ọkà náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́, màá wá da omi kóńgò méjì lé ọkà kóńgò kan. Ọkà máa ń wú púpọ̀, tó bá sì yọrí sókè omi, ibẹ̀ ni ebu á ti bẹ̀rẹ̀. Omi kànga dára. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń rùn kìlórììnì, màá gbé e sílẹ̀ láìdé e di ọjọ́ kejì, torí ohun tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi kò ní dá àwọn tí mo fẹ́ sí. Mi ò fi iyọ̀ sí i.

Ọkà á kan fúnra rẹ̀ bí a kò bá tilẹ̀ fi nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n omi orí ògì máa ń jẹ́ kó yá, ó sì ń jẹ́ kó kan dáadáa. Mo lọ bá ìyá ológì àdúgbò wa.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, omi orí ògì yẹn ni mo fẹ́ gbà.”

“Omi nìkan? Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi?”

“Oúnjẹ adìẹ ni, Mà.”

“Adìẹ ti ń mu omi ògì? Ó dáa, gbé ike rẹ wá.”

Ife kan péré ti tó fún ike ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tún ní láti lọ tọrọ mọ́: nígbàkigbà tí mo bá ro omi kúrò lára ọkà tó ti kan, màá bu díẹ̀ nínú omi rẹ̀ sínú ike tuntun.

Màá wá bo ike náà fẹ́rẹ́, mi ò ní dé e pa, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà lọ. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń rò ó. Nínú ooru ilẹ̀ wa, ìfófòó máa ń yọ láàárín ọjọ́ kan, ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ó ti ṣe tán. Imú ni mo fi ń mọ̀. Tó bá ń ta sánsán bí ògì tuntun, ó ti dé ibi tí mo ń fẹ́. Awọ funfun pẹlẹbẹ tó máa ń tẹ́ sójú omi kò ní wàhálà, mo máa ń yọ ọ́ kúrò ni. Àmọ́ tí mo bá rí ohun tó hu irun, tàbí àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé tàbí dúdú, tàbí tó ń rùn bí ohun tó ti rà, gbogbo ike ló ń lọ sínú ihò tí mo gbẹ́ jìnnà sí wọn. Ike mẹ́ta tó ń tẹ̀ lé ara wọn ló ń jẹ́ kí oúnjẹ wà lójoojúmọ́: ọ̀kan fún jíjẹ, ọ̀kan tó kù díẹ̀ kó kan, ọ̀kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ.

Àwọn adìẹ kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń wò ó. Mo wá ń po díẹ̀ mọ́ oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n mọ̀, mo ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi ń sáré bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ní tiwọn kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀tọ̀ ni mo ń gbé ti pẹ́pẹ́yẹ sí. Pẹ́pẹ́yẹ kì í jẹun láìsí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á jẹ díẹ̀, á lọ ki ẹnu bọ omi, á fọ ihò imú rẹ̀, á padà wá, kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oúnjẹ tó wà nílẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Tí adìẹ bá wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n á jọ máa jẹ. Nítorí náà, abọ́ omi wọn gbọ́dọ̀ jìn tó kí gbogbo orí wọn lè wọ inú rẹ̀, mo sì gbé e jìnnà díẹ̀ sí oúnjẹ. Ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán kí oòrùn tó mú ni mo ń bù sílẹ̀, màá sì kó èyí tó bá ṣẹ́ kù. Oúnjẹ tútù tó bá pẹ́ nínú oòrùn á fa eṣinṣin, ìdin á sì dé. Ìdin inú ohun tó ti rà lè gbé oró botulism, èyí tó máa ń mú kí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ rọ tí kò fi ní lè gbórí sókè mọ́. Àrùn yẹn kì í fúnni láyè púpọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ni pé ọkà kíkan kì í ṣe oúnjẹ tó pé. Àgbàdo ní amúaradàgbà bíi ìdá mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún péré, adìẹ tó ń yé sì nílò bíi mẹ́rìndínlógún sí mẹ́tàdínlógún. Kíkan kò lè dá èyí tí kò sí níbẹ̀. Ọkà kíkan kì í ju bí ìdajì oúnjẹ wọn lọ lọ́dọ̀ mi. Oúnjẹ alápò, ẹ̀wà sóyà yíyan tí mo lọ̀, àti orí ẹja gbígbẹ tí mo gún ló ń kún ìdajì kejì. Kúlíkúlí dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀pà bíbu tí mo sọ lókè ń jẹ́ kí n ṣọ́ra: ọwọ́ ẹni tí mo mọ̀ pé ó ń ṣa ẹ̀pà rẹ̀ nìkan ni mo ti ń rà á.

Ìkarahun ìgbín àti ìṣáwùrú tí mo gún, inú abọ́ ọ̀tọ̀ ló ń wà. Mi ò po ó mọ́ ọkà inú ike, torí ẹfun ara ìkarahun máa ń pa ìkan omi náà, ọkà kò sì ní kan bó ṣe yẹ. Adìẹ tó ń yé mọ ìwọ̀n tí òun fẹ́, á lọ ṣà á jẹ fúnra rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ wà, torí iwe wọn ló ń lọ hóró odindi, òkúta ló sì fi ń lọ̀ ọ́.

Àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ní ohun kan tí àwọn òròmọdìẹ kò nílò tó bẹ́ẹ̀: niacin, ọ̀kan lára àwọn fítámì B. Ohun tí wọ́n nílò tó bíi ìlọ́po méjì ti òròmọdìẹ. Niacin wà nínú àgbàdo, ṣùgbọ́n ó so pinpin débi pé ẹyẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i lò. Tí kò bá tó, ẹsẹ̀ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ á wọ́, oríkèé á wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí wọ́lẹ̀. Oúnjẹ òròmọdìẹ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ẹja gígún àti gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìdí ẹmu díẹ̀, torí ìwúkàrà, tó ní niacin, pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹmu ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń dà nù. Ọkà kíkan kì í dé ọ̀dọ̀ wọn títí wọ́n á fi lé ní oṣù kan, nígbà náà, mo ti lọ̀ ọ́ kúná kí n tó fún wọn.

Nígbà ọyẹ́, òtútù òru máa ń fa kíkan náà sẹ́yìn, mo sì máa ń gbé àwọn ike wọ ilé ìdáná. Àsìkò yẹn náà ni àrùn Newcastle máa ń jà jù. Ọkà kíkan kò lè dènà rẹ̀, nítorí náà mo ń pe dókítà ẹran wá fún àwọn adìẹ náà ní àjẹsára kí ọyẹ́ tó wọlé.