Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rọ́bà Oríkèé Páìpù Éésì Ọkọ̀

Nígbà tí ooru oṣù kẹta bá mú, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì dá ènìyàn dúró ní oríta Ọláìyá ní Òṣogbo, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ni í lọ rọ gáàsì sí éésì, tí éésì náà yóò sì tún máa fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Gáàsì éésì kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Inú páìpù ló ń yí po, nítorí náà, bó bá dínkù, ó ń jò níbì kan, ó sì sábà máa ń jẹ́ oríkèé páìpù, níbi tí rọ́bà róbótó tí a ń pè ní ó-ríǹgì ti le tàbí ti là.

Bí gáàsì bá ń jò, ó máa ń gbé ọ́ìlì jáde, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Oríkèé tó bá dúdú tó sì ń yọ̀, nígbà tí àwọn yòókù gbẹ, ni kí ẹ fura sí. Ẹ fi omi ọṣẹ pa á, kí ẹ wò ó bóyá ìfófòó ń wú.

Ẹ má ṣe tú páìpù kankan nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Bí R134a, ìyẹn gáàsì tó wà nínú éésì ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bá fọ́n jáde, ó tutù débi pé ó lè ba ojú jẹ́ tàbí kí ó mú awọ ara dì. Àṣà títú u dànù sí afẹ́fẹ́ kò tọ́ rárá, nítorí pé kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ju kílò kan kábọ́nì dáyọ́ksáìdì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Ẹ wá oníṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tí yóò fà á sínú sìlíńdà.

Sípánà méjì ni kí ẹ lò, kí ọ̀kan di ẹnu páìpù mú kí èkejì sì máa tú nọ́ọ̀tì, torí pé páìpù alumíníọ̀mù tètè ń lọ́. Igi ìtayín ni kí ẹ fi yọ rọ́bà àtijọ́. Irin á ha ojúbọ̀ rẹ̀, ibi tó bá sì ha ni gáàsì yóò tún gbà jáde. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù tó mọ́ di ẹnu páìpù lójú ẹsẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ sọ irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, nítorí pé rọ́bà tó ti gbó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, nínípọn rẹ̀ kò ṣeé fi wọn tuntun. Rọ́bà HNBR, irú èyí tí gáàsì àti ọ́ìlì éésì kì í tètè bà jẹ́, ló yẹ, àwọ̀ ewé ló sì sábà máa ń ní. Rọ́bà ẹ̀rọ omi kò ní dúró. Tèmi ni pé kí ẹ pààrọ̀ ti gbogbo oríkèé tí ẹ bá tú, nítorí owó kékeré ni. Ẹ fi irú ọ́ìlì tó wà nínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yí po nínú páìpù, pa á lára, kì í ṣe gíríìsì, kí ẹ sì rí i pé kò lọ́ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ ti fáàfù, kí ẹ sì máa wo géèjì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń padà sókè, ó ṣì ń jò, ẹ má rọ gáàsì. Bí kò bá mira, ẹ rọ ọ́ ní ìwọ̀n gíráàmù tí wọ́n kọ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lórí òṣùwọ̀n, kì í ṣe ní àbá.