Iná mítà tó ń tán kíákíá nígbà ooru: ẹ yẹ rọ́bà fíríìjì wò

Láti oṣù Kejì tí ooru ti mú n'Ìbàdàn, iná tá à ń rà sórí mítà ò tọ́jọ́ mọ́. A pààrọ̀ gílóòbù, a dín fáànù kù, pàbó ló já sí.

Mo wá pa gbogbo nǹkan, mo ń tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wo iná pupa tó ń ṣẹ́jú lára mítà, tó máa ń yára ṣẹ́jú bí nǹkan bá ń jẹ iná púpọ̀. Fíríìjì ni, kì í sinmi! Mo fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó yọ wẹ́rẹ́. Rọ́bà etí ilẹ̀kùn ti le, ooru ń wọlé.

Mo yọ fíríìjì náà lẹ́nu iná, mo fọ rọ́bà náà, mo fi aṣọ olómi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀. Ọpẹ́ ni, iná ti ń pẹ́ díẹ̀ báyìí. Tí rọ́bà tiyín bá ti ya, ẹ ra tuntun.