Ọ́ìlì Gíábọ́ọ̀sì Tí Kò Yéé Jò Lára BMW Àtijọ́: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Bí ọ́ìlì bá ń kán sílẹ̀ lábẹ́ alùpùpù BMW àtijọ́, sípánà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń nawọ́ mú. Wọ́n á tú gíábọ́ọ̀sì, ìyẹn àpótí jíà, wọ́n á pààrọ̀ síìlì (òrùka tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú) tó súnmọ́ ibi tí ọ́ìlì ti rin, wọ́n á dì í padà, ọ́ìlì náà á tún máa kán. Wọ́n á tún tú u. Bẹ́ẹ̀ ni owó ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ojú bóòtì ṣe ń bó.

Àwọn tí mò ń sọ ni èyí tí BMW bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Spandau, nílùú Berlin, ní 1969: R50/5, R60/5, R75/5, àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn títí di 1996. Sílíńdà méjì yọ sí ọ̀tún àti òsì, atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ọ̀pá irin ló sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dípò ṣéènì. Wọ́n lágbára, wọn kì í tètè kú. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí bí mo bá rí èyí tí àtúnṣe bà jẹ́.

Ọ́ìlì mẹ́rin ló wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú alùpùpù yìí, ibi tí kálukú wà sì yàtọ̀: ti ẹ́ńjìnnì, ti gíábọ́ọ̀sì, ti apá ẹ̀yìn tí ọ̀pá náà ń yí nínú rẹ̀, àti ti jíà tó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù ni kí èèyàn máa pe ọ́ìlì tó bá ti kán lábẹ́ gíábọ́ọ̀sì ní ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Orí gíábọ́ọ̀sì gan-an ni àpótí atẹ́gùn tí fílítà wà nínú rẹ̀ jókòó sí, inú àpótí yẹn sì ni ẹ́ńjìnnì ń mí sí. Bí ẹ bá rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kọjá àmì, á máa tú lọ sínú àpótí náà, á máa ṣàn sílẹ̀ lára gíábọ́ọ̀sì, á sì kán láti ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá tú gíábọ́ọ̀sì nítorí èyí kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì jíà ní òórùn imí ọjọ́ tó ń ta ní imú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò ní in. Ẹ fi ìka kan kan èyí tó ń kán, ẹ fi òmíràn kan èyí tó wà nínú gíábọ́ọ̀sì, kí ẹ sì fi wọ́n wéra. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, àwọn tó ń ṣe é kò sì pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo ìsàlẹ̀ alùpùpù náà, ẹ fi omi ọṣẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ wá bu àtíkè sí i lára, irú èyí tí a ń fi pa ọmọdé, kí ẹ gùn ún títí ara rẹ̀ á fi gbóná, ṣùgbọ́n kí ẹ má jìnnà. Ibi tí àtíkè bá ti kọ́kọ́ tutù lókè pátápátá ni kí ẹ máa wò. Ẹ má wo ibi tó ń kán: ọ́ìlì ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn ọ̀nà sì ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn.

Bó bá wá hàn pé gíábọ́ọ̀sì ló ń jò lóòótọ́, ẹ má tíì sáré. Lábẹ́ rẹ̀ ni súwíìṣì kékeré wà tó ń tan iná nígbà tí jíà kò bá sí lẹ́nu. Súwíìṣì yìí sábà máa ń jò láti àárín ara rẹ̀, níbi tí pílásítíìkì ti pàdé irin. Wáṣà tuntun kò lè dí i. Súwíìṣì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀. Síìlì ọ̀pá tí a fi ń yí jíà àti ti kíkì wà ní apá òsì, bákan náà ni rọ́bà tó wà lẹ́yìn níbi tí apá kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà, ti ń tì. Ẹ yẹ gbogbo wọn wò kí ẹ tó ronú àtiyọ gíábọ́ọ̀sì kúrò.

Àṣìṣe kan wà tó ń dùn mí ju ìyókù lọ, nítorí bóòtì kan ṣoṣo ló ń fà á. Lókè, ní ọ̀tún lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì, ni wáyà sípídómítà ti wọlé. Bóòtì tó di wáyà yẹn mú ní ihò láàárín láti orí dé ìdí. Ihò yẹn ni imú gíábọ́ọ̀sì. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ a máa fẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń gbà jáde. Ẹnì kan á sọ bóòtì náà nù, á wá òmíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba ṣùgbọ́n tí kò níhò, á dì í pa. Ẹlòmíràn á bá ihò níbẹ̀, á rò pé ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà jáde, á fi gọ́ọ̀mù dí i. Láti ọjọ́ yẹn, atẹ́gùn tí kò rọ́nà gbà á máa ti ọ́ìlì gba ètè síìlì jáde. Ẹ lè pààrọ̀ síìlì títí ọdún á fi yí po. Ẹ yọ bóòtì náà, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ rí i pé ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Ẹ tún wo rọ́bà tó bo ẹnu wáyà náà: bó bá ti fàya, omi òjò á wọlé, ọ́ìlì á sì funfun. Èyí kì í ṣe jíjò, ṣùgbọ́n ó ń pa bẹ́ẹ̀rìn tó ń jẹ́ kí ọ̀pá inú rẹ̀ yí geere.

Ní ti rírọ ọ́ìlì: mílílítà 800 ni gíábọ́ọ̀sì yìí ń gbà, yálà jíà mẹ́rin ló ní bíi ti R75/5, tàbí márùn-ún bíi ti àwọn tó tẹ̀ lé e. Orí sítáǹdì àárín, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá fi sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ gbé e dúró, tó ń rọ ọ́ títí á fi dé ẹnu ihò, ti rọ ìwọ̀n tí kò tọ́. Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní kí ẹ lọ ra ọ́ìlì tó ki ju bó ti yẹ lọ, tàbí oògùn inú ike tí wọ́n ní ó ń dá jíjò dúró. Oògùn yẹn ń mú rọ́bà wú fúngbà díẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ni rọ́bà á rọ̀ jù.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi pa ara gíábọ́ọ̀sì láti ìta kò ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì á gbé e kúrò. Èyí tí wọ́n fi sínú burú jù, nítorí á já, á sì máa lúwẹ̀ẹ́ láàárín jíà. Bó bá sì di pé kí ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì, iná ni a fi ń mú un gbóná kí bẹ́ẹ̀rìn lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi sukudiráfà yọ ọ́ ti fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ fún jíjò mìíràn.

Àárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ni kílọ́ọ̀ṣì wà, gbígbẹ ló sì gbọ́dọ̀ wà. Ọ́ìlì tó bá kán láti ìdí ibẹ̀ lè jẹ́ ti síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ti rọ́bà ìdérí pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì, tàbí ti síìlì iwájú gíábọ́ọ̀sì. Òórùn ni yóò là á fún yín. Bó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, ẹ ó yọ fíláwíìlì, irin ńlá roboto tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ibí yìí ni mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀. Fíláwíìlì ló ń di ọ̀pá kíráńkì, èyí tí písítìn ń yí, mú kó má sún síwájú. Bí ẹ bá yọ ọ́ láì kọ́kọ́ dí ọ̀pá náà, ó lè yọ̀ síwájú, wáṣà ńlá kan tó wà nínú á sì já bọ́ kúrò lórí píìnì tó gbé e dúró. Ẹ kò ní rí i. Ìgbà tí ẹ bá ń dì í padà ni ẹ ó fún wáṣà náà pa, jíjò síìlì á sì ti di ìparun ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò, torí iná mànàmáná wà lẹ́yìn ìdérí iwájú. Ẹ ṣí ìdérí náà, ẹ fi irin kékeré há ọ̀pá kíráńkì níwájú kó má lè sún, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtì fíláwíìlì. Bóòtì tuntun ni kí ẹ fi dá a padà.

Síìlì fúnra rẹ̀: bóyá Ládípọ̀ lẹ ti rà á, bóyá ará ilé ló fi ránṣẹ́ láti Jámánì, ẹ má fi ìwọ̀n nìkan yàn án. Ẹ wo ibi tí ètè rẹ̀ dojú kọ. Ètè àwọn mìíràn jẹ́ Teflon, irú ike kan tó ń yọ̀, gbígbẹ ni a ń fi wọ́n sí. Àwọn onírọ́bà ni a ń fi ọ́ìlì díẹ̀ pa. Ẹ fi téèpù wé eyín ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì kí ẹ tó ti síìlì kọjá lórí rẹ̀, nítorí eyín wọ̀nyẹn ń gé ètè rọ́bà láì jẹ́ kí ojú rí i. Bí síìlì àtijọ́ bá ti gbẹ́ ojú ọ̀pá, ẹ jẹ́ kí tuntun jókòó síbi tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Síìlì ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì ló ṣòro jù láti fura sí, torí kì í kán sílẹ̀. Inú apá ẹ̀yìn ló ń tú ọ́ìlì sí. Bí ti gíábọ́ọ̀sì bá ń dín kù tí ti ọ̀pá sì ń pọ̀ sí i, òun ni. Orí ọ̀pá tó ṣe ṣónṣó ni irin tó bo síìlì yìí wà, irinṣẹ́ tó ń fà á yọ ni ẹ nílò. Ẹ má fi òòlù lù ú.

Kí ẹ tó gbé gíábọ́ọ̀sì padà sábẹ́ alùpùpù, ẹ rọ ọ́ìlì rẹ̀ sí i lórí tábìlì, ẹ gbé e síwájú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè dé ojú síìlì iwájú, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ di òwúrọ̀. Bí páálí bá gbẹ, ẹ gbé e wọlé.