Bí A Ṣe Ń Díyelé Páálí Oúnjẹ Oṣooṣù Láti Ìjẹ̀bú

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé l'Ékòó, Ìbàdàn àti Àbújá kì í yéé béèrè gàrí ilé. Ibẹ̀ ni òwò páálí oṣooṣù ti bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á sanwó lóṣooṣù, ẹ̀yin á di gàrí, epo pupa, ṣáwá gbígbẹ, edé àti ẹ̀pà sínú páálí, ẹ ó sì fi ránṣẹ́ láti gáréèjì. Òwò gidi ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó ní oníbàárà rẹpẹtẹ, tí owó sì tán pátápátá lọ́wọ́ wọn kí oṣù kẹrin tó pé. Iye tí wọ́n dá lé páálí ló kó bá wọn.

Ẹ kọ́kọ́ di páálí kan ṣoṣo

Kí ẹ tó polówó, ẹ lọ sọ́jà, ẹ ra ohun tí yóò wọ páálí kan, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ gàrí gba sùúrù. Ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá onígàrí á bù ú sí kóńgò títí yóò fi yọ ṣóńṣó lórí, á tún fi èènì lé e. Bí ẹ bá délé tí ẹ wá fi kóńgò pẹrẹsẹ pín in, oníbàárà á mọ̀, nítorí kóńgò ìyá rẹ̀ ló fi dàgbà. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré, ẹ wọn kóńgò tó yọ ṣóńṣó, kí ẹ máa fi kílò tà. Èènì tí ẹ fẹ́ fún oníbàárà, ẹ wọn òun náà, kí ẹ kọ owó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sì ju gàrí sẹ́nu kí ẹ tó sanwó: èyí tó gbẹ dáadáa á máa ró kẹ́kẹ́ léyín, èyí tí omi ṣì wà lára rẹ̀ lè bu nínú náílọ̀n kó tó dé Àbújá.

Ká ní gàrí pẹ̀lú èènì jẹ́ ₦2,400, epo ₦2,000, ṣáwá ₦2,500, edé ₦1,500, ẹ̀pà ₦1,600. Gbogbo rẹ̀ di ₦10,000. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Iye tí ẹ bá lọ́jà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Owó tí oníbàárà kò ní jẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Páálí ₦700, náílọ̀n àti tépù ₦400, ọkọ̀ láti ọjà dé ilé ₦300, ẹni tó ń báyín dì í ₦600, wébíìlì (owó tí awakọ̀ ń gbà láti gbé páálí dé ọ̀dọ̀ oníbàárà) ₦1,500. Ẹni tó wà ní Sàgámù lè rí ọkọ̀ wẹ́rẹ́, torí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà tó lọ sí Bìní pàdé níbẹ̀.

Ẹ fi ₦500 sí i fún ìbàjẹ́. Mo ti rí páálí tí ìgò epo tú nínú rẹ̀: gàrí di ẹ̀bà pupa, edé rẹ nínú epo, ìdí páálí já. Odindi páálí mìíràn ni mo dì rọ́pò rẹ̀. Látìgbà yẹn, mo ń fi tépù di ìdérí ìgò, mo sì ń fi náílọ̀n méjì wé e. Síbẹ̀ mi ò yọ owó ìbàjẹ́ kúrò nínú ìṣirò.

Pẹ̀lú ₦10,000 tí ẹ fi ra ọjà, gbogbo rẹ̀ di ₦14,000. Bí oníbàárà bá ń sanwó gba Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yọ 1.5% àti ₦100, nítorí náà ẹ fi ₦400 kún un: ₦14,400.

Èrè

Ká ní ẹ fẹ́ kí èrè jẹ́ ìdá 25 nínú 100 iye tí ẹ ń tà á. Ẹ má kàn fi ìdá 25 lé ₦14,400. Ìyẹn á fún yín ní ₦18,000, èrè ₦3,600, tó jẹ́ ìdá 20 péré nínú owó tó wọlé. Ẹ pín ₦14,400 sí ọ̀nà 75, ó di ₦192. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ó di ₦19,200. Èrè yín di ₦4,800 lórí páálí kan. Bí ẹ bá ń ta páálí 40 lóṣù, ìyàtọ̀ ₦1,200 yẹn di ₦48,000.

Ẹ wá wo owó tí ẹ gbọ́dọ̀ san bí ọjà tà tàbí kò tà: ṣọ́ọ̀bù, dátà, owó oṣù yín. Bí ó bá jẹ́ ₦120,000, páálí 25 ni yóò bò ó ní ₦19,200. Ní ₦18,000, ó di 34.

Owó ìsanṣáájú

Èyí ló ká mi lára jù. Ẹ wo alájọ: owó ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn tó dá a ni. Páálí tí ẹ kò tíì fi ránṣẹ́, owó àjọ ni owó rẹ̀. Bí oníbàárà bá san ₦57,600 fún oṣù mẹ́ta, ₦19,200 nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn lóṣù yìí. Kí ₦38,400 wà ní àkáǹtì ọ̀tọ̀.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ oníbàárà méjìdínlógún, mo sì fi ra fìríìsà. Ẹ̀ẹ̀rùn mú, ilẹ̀ le gbagidi, fífa pákí tu di iṣẹ́ àṣelàágùn, gàrí sì gbówó lórí. Owó àpò mi ni mo fi di páálí oṣù kẹta. Nítorí náà, iye gàrí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ fi ṣírò gbogbo ọdún. Bó bá rọjú nígbà òjò, ẹ tọ́jú ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ẹ má fi ọjọ́ ìfiránṣẹ́ sí ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Ojúde Ọba, Ìjẹ̀bú-Òde á sì kún. Ẹ dì í ṣáájú.

Bí ẹ bá fẹ́ fi owó kún iye páálí, ẹ sọ ọ́ ní oṣù kan ṣáájú. Ẹni tó ti sanwó sílẹ̀, iye àtijọ́ ni tirẹ̀ títí oṣù tó san yóò fi pé.