Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Kà Láti Ẹ̀yìn

Ọmọ Kaduna ni Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 níbẹ̀ ní 1975 ló ti jáde, 1983 sì ni bàbá mi rà á. Láti ìgbà tí mo ti gbé e wá sí Kubwa, mò ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Àfi lọ́jọ́ kan tí mò ń bọ̀ láti Suleja, tí abẹ́rẹ́ ooru gun orí pupa, tí èéfín funfun sì ń rú lẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n ń sun oko. Mo dúró, mo yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Ohun tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì mọ́, fúrà da nono gan-an ni. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti tọ́ọ̀pù, irin tó bò ó lórí, ti jó, omi sì ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì.

Mo lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Àpò, l'Abuja, kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ń yún mi. Mo ti ra sípánà, mo ti wo fídíò títí ojú fi ń pọ́n mi. Èmi fúnra mi ni màá tú u.

Títú kò le. Púlọ́ọ̀gì 504, tó ń ṣáná sí epo, kì í wà ní gbangba, inú ihò jíjìn tó gba ìdérí ẹ́ńjìnnì kọjá ló máa ń wà, nítorí náà wáyà rẹ̀ gùn. Mo fi báírò kọ nọ́ńbà sórí bébà alẹ̀mọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi báírò yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí mo gbé tọ́ọ̀pù kúrò, orí písítọ̀n, àwọn irin mẹ́rin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, dúdú bí ìdí ìkòkò. Méjì wà lókè, méjì wà nísàlẹ̀. Mo fẹ́ ha gbogbo wọn, ni mo bá fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì kí méjì ìsàlẹ̀ lè gòkè. Ibẹ̀ ni mo ti dáràn. Sílíìfù inú ẹ́ńjìnnì yìí, ìyẹn páìpù irin tí písítọ̀n ń rìn nínú rẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ irin, inú omi ló dúró sí, tọ́ọ̀pù ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi wọ inú ọ́ìlì. Bí tọ́ọ̀pù bá ti kúrò, wọ́n máa ń fi bóòtù àti wásà ńlá dè é mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí ohunkóhun. Èmi ò de nǹkan kan. Ojú mi ló ṣe tí sílíìfù kejì bá písítọ̀n rẹ̀ gòkè, jẹ́jẹ́, bí ìgbín tó ń yọrí. Omi tó kù dún gùlù, ó pòórá sínú ọ́ìlì.

Iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo tú agbada ọ́ìlì ìsàlẹ̀, mo yọ sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wá òrùka náà dé Zuba, n ò rí i. Panteka ní Kaduna ni wọ́n ti bá mi rí i, awakọ̀ kan ló bá mi gbé e bọ̀.

Mo tò ó padà. Ó wá ku wáyà. Mo ti fi pẹtiróò fọ̀ wọ́n kí wọ́n lè dán, báírò sì ti bá pẹtiróò lọ. N ò mikàn. Bàbá mi ti fi ọ̀bẹ fín ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ihò wáyà kìíní lórí ìdérí dìsìtíríbútọ̀, tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, mo sì mọ̀ pé 1-3-4-2 ni iná ń tẹ̀ lé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka sìlíńdà, ilé písítọ̀n, láti ọ̀dọ̀ rédíétọ̀ níwájú. Ta ni kì í ka nǹkan láti iwájú?

Ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́. Kábúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, sín. Ó tún sín. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ẹnu rẹ̀, n ò sì tíì dé ìdérí rẹ̀ padà. Ìkẹta kò jẹ́ sísín mọ́, iná ni. Òórùn irun jíjó ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó mọ̀ pé irun ojú mi apá ọ̀tún ni. Ìyàwó mi ju tówẹ̀lì tútù lé ẹ́ńjìnnì, ó wo ojú mi, ó ní, “Dádì, ẹ pe Bàbá Ọ̀fà.”

Bàbá Ọ̀fà, mẹkáníìkì, dé lẹ́yìn ìrun Alàsáárì. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n wo wáyà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Akọ̀wé, ibo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?”

“Iwájú ni, bàbá.”

“Peugeot yìí kì í ka iwájú. Ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ gíà, ni nọ́ńbà kìíní wà. Ìgbà tó yẹ kó máa tu èéfín lò ń fún un níná.”

Wọ́n fi wáyà kìíní àti ìkẹrin pààrọ̀ ara wọn, wọ́n ṣe ìkejì àti ìkẹta bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n gba owó ṣá o, wọ́n ní torí ojú mi ni àwọn ṣe dín in kù.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wà á dé Zuba, abẹ́rẹ́ ooru kò kọjá ìdajì. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti yẹ omi wò, ọkùnrin Hausa kan tó ń ta ọsàn sì sún mọ́ mi. Ó wò ó yípo, ó bi mí bóyá títà ni.

Mo ní, “A'a, na Baba ne.” Rárá, ti Bàbá ni.