Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ilé àti Oko: Ìgbà tí ó Yẹ kí a Gé Ìwọ́ Ìbejì tí Oṣù Wọn Kò Pé

Ìbejì kan tí a pàdánù ní abà nígbà ìkórè àgbàdo tó kọjá ni ó mú kí a kọ ìwé yìí fún àwọn ará Kétu àti àwọn oko tó yí i ká. Ilé ìgbẹ̀bí ni ó yẹ kí a ti bí ìbejì, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrọbí tí ó bá ṣáájú oṣù rẹ̀ kì í dúró kí alùpùpù dé. A kò ní í tún sọ̀rọ̀ aṣọ mímọ́ tàbí abẹ tuntun, nítorí kò sí ilé tí kò mọ̀ wọ́n.

Àṣìṣe tí a ń rí ni pé, bí Táíwò bá ti jáde, tí a rí i pé ó kéré, ọwọ́ gbogbo ènìyàn a yá sí abẹ. Wọn a ní Kẹ́hìndé ń bọ̀ lẹ́yìn, wọn a sì ti gé ìwọ́ kí ọmọ tó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ dẹ́kun rẹ̀. Ọmọ tí ó wọn gíráàmù 1,500 kò ní ju nǹkan bíi mílílítà 150 ẹ̀jẹ̀ lọ lára, bẹ́ẹ̀ ni apá tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí í ṣe tirẹ̀ ṣì wà nínú ibi ọmọ nígbà tí a bí i. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2014 ni pé kí a má ṣe di ìwọ́ kí ìṣẹ́jú 1 tó pé.

Nítorí náà, bí Táíwò bá ti dé, kí ẹnì kan wo aago, kí ó ka ìṣẹ́jú-àáyá 60 sókè, kí gbogbo ilé gbọ́. Láàárín àkókò yìí, ẹ nu ọmọ gbẹ, ẹ gbé e lé ikùn ìyá rẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ mìíràn bò ó, kí ẹ sì dé fìlà fún un. Ẹ má ṣe fún ìwọ́ bí ẹni ń fún wàrà kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè wọlé, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà nínú ọpọlọ ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 28. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ so ìwọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 2 àti 5 sí ikùn ọmọ, kí ẹ gé e láàárín méjèèjì. Ẹ so ti ìhà ibi gírígírí, nítorí ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé tí kò tíì jáde lè máa gba ibẹ̀ dà nù. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún Kẹ́hìndé.

Bí a bá nu ọmọ, tí a fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn, tí kò sì mí, ẹ má ṣe dúró ka 60: ẹ so ìwọ́, ẹ gé e, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára ìyá, ẹ má ṣe dúró. Àwọn ìbejì tí wọ́n jọ ń lo ibi kan ṣoṣo yàtọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ti ara ọ̀kan ṣàn sí ara èkejì. Agbẹ̀bí tàbí dókítà nìkan ni yóò sọ bí a ó ṣe dúró pẹ́ tó. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀kógíráfì, èyí tí ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán inú ikùn, kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta, ìgbà náà ni èyí ń hàn dáadáa. Bàbá tí ó ta àgbàdo tí kò rí owó àyẹ̀wò yọ kò ṣe dáadáa rárá.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún ìyá ní abẹ́rẹ́ oxytocin, oògùn tí ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀, nígbà tí Kẹ́hìndé ṣì wà nínú.

Ẹ gbé àwọn ọmọ méjèèjì lé àyà ìyá, ara sí ara, títí ẹ ó fi dé ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ fi ibi sínú àpò mímọ́, kí ẹ gbé e dání, kí agbẹ̀bí lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lọ rì í.